Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ karate: kí ló lè máa dá ṣe nílé láàárín kíláàsì sí kíláàsì?

Bẹ́líìtìFunfun_Bàsírì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Karate Shotokan ni mo ń kọ́ níbí l'Ádó-Èkìtì, mi ò tíì kúrò ní bẹ́líìtì funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń pàdé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n ti kọ́ wa ni ìdúró zenkutsu-dachi, ẹ̀ṣẹ́ oi-zuki (ti ìgbésẹ̀ síwájú) àti gyaku-zuki (ti ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ iwájú), ìdínà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ìpá iwájú tí wọ́n ń pè ní mae-geri, àti kata (ètò ìdínà àti ẹ̀ṣẹ́ tí ẹnì kan ń dá ṣe ní títẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé) tí wọ́n ń pè ní Taikyoku Shodan. Sensei, olùkọ́ wa, ní ká máa fi kún un nílé, ṣùgbọ́n kò là á sílẹ̀ bó ṣe yẹ ká ṣe é.

Yàrá kan ni mo ń gbé, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, bẹ́ẹ̀dì sì ti gba ìdajì rẹ̀. Táìsì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa ṣe, fún ìṣẹ́jú mélòó? Ṣé mo lè máa lu ògiri kí ìkúùkù mi lè gbó? Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí bí mo bá ti ta ìpá tó pọ̀. Ṣé bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Fídíò orí YouTube ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòròkò

Àbúrò, o káre. Ti ohun tó o máa ṣe ni màá dáhùn, ti orúnkún di ọwọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ara.

Kíláàsì la ti ń gba ohun tuntun, ilé la ti ń jẹ́ kó mọ́ ara. Ẹni tó bá ń fi ilé kọ́ ohun tí sensei ò tíì fi hàn án, àṣìṣe ló ń fi mọ́ra, àṣìṣe tó bá sì ti mọ́ ara, títú u ṣòro ju kíkọ́ rẹ̀ lọ. Ra ìwé kékeré kan. Lálẹ́ ọjọ́ kíláàsì, kó o tó sùn, kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n bá ọ wí sí sínú rẹ̀: “gìgísẹ̀ ẹ̀yìn ń gbéra”, “èjìká ń gòkè”, “ọwọ́ tó ń padà ò dé ìbàdí”. Mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ ilé rẹ títí di kíláàsì tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, mú mẹ́ta nínú wọn.

Ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó. Ṣe é ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kó o fi Ọjọ́bọ̀ àti Àìkú sinmi. Ẹni tó bá ṣe wákàtí méjì ní Ajé tí kò tún fọwọ́ kàn án títí di Ẹtì kò ṣe tó ẹni tó pín in sí kékeré kékeré, torí pé bó bá ti rẹ̀ ọ́, ìdúró rẹ á ti bàjẹ́, ohun tó bàjẹ́ yẹn lò ń tún ṣe lọ́tunlọ́tun.

Fi ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ mú ara gbóná. Rìn lójú kan kó o máa gbé orúnkún dé ìdodo, yí èjìká, yí ìbàdí, yí ọrùn ẹsẹ̀. Má ṣe na iṣan tó tutù kó o dì í mú síbẹ̀. Ti ìparí nìyẹn, nígbà tí òógùn bá ti ń jáde, 30 ìṣẹ́jú àáyá fún iṣan kọ̀ọ̀kan.

Wàá wá dúró ní zenkutsu-dachi. Ibí ni kó o ti lo àkókò jù. Mú ṣọ́ọ̀kì, fa ìlà méjì sórí táìsì, kí àlàfo àárín wọn tó ìbú èjìká rẹ. Ẹsẹ̀ òsì kì í kúrò lórí ìlà òsì, ti ọ̀tún kì í kúrò lórí ìlà ọ̀tún. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ti ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ á tó ìlọ́po méjì ìbú èjìká. Ojúgun iwájú dúró ṣánṣán, orúnkún kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kò yà sínú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà, ọmọ ìka rẹ̀ kọjú síwájú bó bá ti lè kọjú tó, kó má ya síta ju dígírì 45 lọ, gìgísẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwúwo ara tó wà níwájú á tó 60 nínú 100.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó máa ń dà bíi pé ìdúró gùn, ó sì rẹwà nínú dígí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka kan tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, o ti lọ. Èkejì ni gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tó ń gbéra. Ohun tó ń fà á ni pé ìdúró ti gùn ju ohun tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ lè gbà lọ. Fà á kúrú níwọ̀n ìka mẹ́rin, gìgísẹ̀ á padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Má fipá tẹ̀ ẹ́. Di ìdúró yẹn mú fún 30 ìṣẹ́jú àáyá lápá ọ̀tún, 30 lápá òsì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Itan á gbóná, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ́ ló kàn. Láti ìdúró lásán ni kó o ti kọ́kọ́ ṣe é, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ìkúùkù bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ìgúnpá ń fara kan ìhà bó ṣe ń jáde. Ọwọ́ kì í yí tán títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ń lọ. Oríkèé ìka ìfábẹ̀lá àti ti ìka àárín ló ń dé ibẹ̀, ọrùn ọwọ́ tọ́ gbọọrọ, ó dúró síwájú àárín àyà rẹ. Ọwọ́ kejì ń padà sí ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára kan náà.

Ọ̀nà tó o lè gbà dá ara rẹ wò nìyí. Dúró kí apá ọ̀tún rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àlàfo ìkúùkù kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Bí ìgúnpá bá ha ògiri, ó ń ṣí síta nìyẹn, agbára ẹ̀ṣẹ́ sì ń bá a jáde lọ. (Òun nìkan ni iṣẹ́ tí ògiri ní nínú karate rẹ báyìí.) Ju mẹ́wàá díẹ̀díẹ̀, mẹ́wàá níwọ̀nba, mẹ́wàá kíákíá, sinmi, tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí èjìká bá ti ń gòkè nínú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, padà sí díẹ̀díẹ̀. Má sì jẹ́ kí ìgúnpá nà gbandi nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára. Kò sí ohun tí ẹ̀ṣẹ́ ń bá pàdé, oríkèé ìgúnpá ló máa gbà á.

Fún ìpá iwájú, wá àpótí ìjókòó kan, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó nídìí ààrò. Gbé e síwájú ẹsẹ̀ tó fẹ́ ta ìpá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orí àpótí kọjá láìfara kàn án, àfi kí orúnkún ti gòkè kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ka ení: orúnkún sókè. Ka èjì: ẹsẹ̀ nà, ọmọ ìka fà sẹ́yìn, ibi tó nípọn lábẹ́ ìdí ọmọ ìka ló fi ń kàn án. Ka ẹ̀ta: fà á padà sábẹ́ itan. Ka ẹ̀rin: gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ń ta ìpá tí kì í ka ẹ̀ta, tó kàn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ já lulẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ náà ta alátakò rẹ̀ lọ́rẹ nìyẹn. Fi ọwọ́ kan di fírémù ilẹ̀kùn mú lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Mẹ́wàá lápá kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò gbọdọ̀ ga ju ìdodo lọ.

Ọmọ_Olósùnta

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ lílu nǹkan dẹ́rù bà á jù. Àwọn ará Okinawa, erékùṣù Japan tí karate ti ṣẹ̀ wá, lu makiwara kí ọwọ́ wọn tó le. Bí ò bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìgbà wo? Ẹ jẹ́ kó máa fi ìkúùkù kan ògiri jẹ́jẹ́, 50 láàárọ̀, 50 lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòròkò

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, makiwara kì í ṣe ògiri. Pákó ni, wọ́n gbin ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, ìdí rẹ̀ nípọn, orí rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì wé nǹkan rírọ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń lù. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ó tún ń padà. Ògiri ò tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tọ́, tó sì ń lu ohun tí kì í tẹ̀, oríkèé ìka kékeré àti ti ìka kejì sí i ló sábà máa ń fi kàn án, egungun tó wà lẹ́yìn oríkèé méjèèjì yẹn ló sì máa ń kán jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ju ẹ̀ṣẹ́. Ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ lórí ògiri, wíwú ló máa bí.

Bó bá wù ú kó mọ bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń bá nǹkan pàdé, kó ṣe àpò. Àpò ìrẹsì kílò 50 méjì, kó ti ọ̀kan bọ inú èkejì. Kó gé àkísà aṣọ wẹ́wẹ́, kó máa kì í mọ́ inú rẹ̀, kó máa fi igi tẹ̀ ẹ́ kó má bàa ní ihò, títí á fi tó kílò 15 sí 20. Má fi iyanrìn kún un. Iyanrìn á rọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìdí àpò á ti le bí òkúta, òkè á sì ti ṣófo. Fi okùn tó nípọn so ó mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tó lè gbé èèyàn, kí àárín àpò wà ní gíga àyà. Fi bandéèjì wé ọrùn ọwọ́ kó tó kan oríkèé. Ìlàjì agbára, ẹ̀ṣẹ́ 20 lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí sensei bá ti wo ìkúùkù rẹ̀ tó sì ní ó ti tọ́. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ nígbà tó kan àpò, kó padà sí afẹ́fẹ́.

Ọmọ_Olósùnta

Ó yé mi. Ti àpò yẹn dáa. Mo gbà pé makiwara kì í ṣe ti bẹ́líìtì funfun.

Físíò_Ọ̀kẹ̀sà

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúnkún o. Ìrora méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ẹran itan àti ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ máa ro yín lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́, kó fọ́n ká, kó máa dín kù bí ẹ bá ń rìn, ìyẹn ò léwu. Ti oríkèé yàtọ̀. Bí ibi tó ń dùn bá jẹ́ ojú kan tí ẹ lè fi ìka tọ́ka sí, tó ń gún yín bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó wú, tàbí tí orúnkún ń há mọ́ ojú kan, kì í ṣe àmì pé ẹ ń gbìyànjú. Ẹ dáwọ́ dúró.

Lára ẹni tó ń ta ìpá nílé, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, ìpá inú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára. Orúnkún á ṣí títí dé òpin rẹ̀, kò sí ohun tó dá ẹsẹ̀ dúró, okùn inú orúnkún ló máa dá a dúró. Ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára ni kí ẹ lò, kí orúnkún má nà tán. Èkejì, orúnkún tó ń ṣubú sínú nígbà tí ẹ bá dúró ní zenkutsu-dachi. Ẹ wo dígí láti iwájú, orúnkún gbọ́dọ̀ tọ́ka síbi tí ìka ẹsẹ̀ kejì tọ́ka sí. Ẹ̀kẹta ló burú jù, ìyẹn ìpá tó ń yí gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí wọ́n ń pè ní mawashi-geri. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi dúró gbọ́dọ̀ yí kí ìbàdí tó yí. Lórí sìmẹ́ńtì tí kò dán, lórí kápẹ́ẹ̀tì, tàbí bí ẹ bá wọ bàtà onírọ́bà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ara á yí, orúnkún ló máa lọ́. Bí wọn ò bá tíì kọ́ yín ní mawashi-geri, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ti kọ́ yín, ẹ máa fi ọwọ́ di ògiri mú, ẹ máa yí gìgísẹ̀ kó kọjú sí ibi tí ìpá ń lọ, ẹ má sáré.

Nípa ti táìsì: ó rọrùn láti yí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn á jẹ́ kó yọ̀. Ẹ fi àkísà gbígbẹ sí tòsí. Ẹ má tẹ́ ẹní lé e lórí, ẹní á sá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Fóòmù tó ń so kọ́ ara wọn, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé, dáa, èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2; ẹ rí i pé etí rẹ̀ ò gbéra. Ìpara òrí fún àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń sán nígbà ọyẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n lálẹ́ tí ẹ bá ti ṣe tán ni. Ẹni tó bá fi í sẹ́sẹ̀ tó wá gun táìsì, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́: ẹ sinmi, ẹ fi yìnyín tí ẹ wé sínú aṣọ lé e fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi bandéèjì wé e, ẹ gbé e sókè. Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí ìpara tó ń ta ra á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á kó lè “wọlé”. Bí ẹ ò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà rìn ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ọsibítù ni, kí wọ́n yà á ní X-ray.

Ìyá_Ìbejì_Ìlawẹ̀

Ẹ kú àlàyé o. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 náà ń lọ. Gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, ṣé kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀?

Físíò_Ọ̀kẹ̀sà

Rárá mà. Ìṣẹ́jú 10, kó dà bí eré. Kó dúró lẹ́sẹ̀ kan nígbà tó ń fọ eyín, kó ṣe kata rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa wò ó, kó fi ẹsẹ̀ kan ìrọ̀rí tí ẹ dì mú. Kò gbọdọ̀ lu nǹkan líle, kò gbọdọ̀ so ohun wíwúwo mọ́ ẹsẹ̀. Egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà láti orí àti ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń tètè bàjẹ́. Bó bá ní ó sú òun, ẹ jẹ́ kó lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Júdò_Ìjerò

Kí n kúkú sọ ti júdò fún àwọn tó ń kọ́ ọ níbí, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ púpọ̀. Láti 1882 tí Jigoro Kano ti dá júdò sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é lórí ẹní tó rọ̀, èèyàn méjì ló sì nílò. Jíju èèyàn, fífún ọrùn, títẹ apá: ẹ má gbé ìkankan nínú wọn wá sílé, kì í ṣe lára àbúrò yín, kì í ṣe lára ọ̀rẹ́ tó ní “jẹ́ n wò ó”. Àwọn tó ń jìjàkadì nígbà ìwáṣẹ̀ pàápàá, orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò ṣe é lórí sìmẹ́ńtì.

Ohun tí ẹ lè dá ṣe ni ṣíṣubú, láti orí ìlóṣòó, lórí mátírẹ́ẹ̀sì tí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ lóṣòó, ẹ di àgbọ̀n mọ́ àyà, ojú ń wo kókó bẹ́líìtì, ẹ yí ẹ̀yìn sílẹ̀ rúkúrúkú, ẹ fi apá méjèèjì gbá mátírẹ́ẹ̀sì ní àárín dígírì 30 sí 45 síra. Bí orí bá kan mátírẹ́ẹ̀sì, àgbọ̀n ti ṣí nìyẹn. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ lọ sẹ́yìn láti gba ara ró, bí ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá ṣe máa ń kán nìyẹn. Mẹ́wàá tó.

Fún uchikomi, ìyẹn wíwọlé léraléra bí ẹni tó fẹ́ ju èèyàn láìjù ú, ẹ gba ọ̀rá inú táyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà, ẹ gé e, ẹ so ó mọ́ igi ní gíga àyà, ẹ máa fi wọlé bí ẹni tó ń mú aṣọ alátakò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nà án kí ẹ wò ó bóyá ó ti ń sán. Ọ̀rá tó já ojú ló máa ń bá.

Bẹ́líìtìFunfun_Bàsírì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti rí i pé orúnkún mi ń yà sínú lóòótọ́, ìpá mi sì ni mo ń ta pẹ̀lú gbogbo agbára. Mà á dín in kù. Kata ńkọ́? Yàrá mi ò gbà á. Lánlọ́ọ̀dù náà ò sì ní fẹ́ gbọ́ kiai, igbe tí a ń ké pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́, láago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòròkò

Kata ni iṣẹ́ ilé gan-an, torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Nígbà tí Anko Itosu, ọ̀gá karate kan, ń ṣètò àwọn kata Pinan fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 20, àwọn tí Funakoshi, ẹni tó dá Shotokan sílẹ̀, wá sọ di Heian, kíkọ́ ogunlọ́gọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń rò. Taikyoku rọrùn jù wọ́n lọ pàápàá. Ìgbésẹ̀ 20 ni: ìdínà ìsàlẹ̀ 8, oi-zuki 12, kò sí ìpá nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó ń tọ̀ rí bíi lẹ́tà I ńlá. Kiai méjì ló wà nínú rẹ̀, lórí ẹ̀ṣẹ́ kẹta ní ọ̀nà tó tọ́ lọ àti ọ̀nà tó tọ́ bọ̀, ìyẹn ìgbésẹ̀ 8 àti 16.

Yàrá rẹ ò gbà á lódindi, ṣùgbọ́n ó gbà á ní ègé. Gé e sí mẹ́jọ. Ègé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdínà ìsàlẹ̀, ó sì parí sí ẹ̀ṣẹ́. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ìdínà kan àti ẹ̀ṣẹ́ kan. Méjì yòókù, tó wà ní àárín, jẹ́ ìdínà kan àti ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta. Àwọn kékeré gba àyè tó o ní. Fún àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ mẹ́ta, bó o bá ti gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú tó o ju ẹ̀ṣẹ́, fa ẹsẹ̀ méjèèjì padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan láìtú ìdúró ká, kó o tó gbé èyí tó kàn.

Ibi tí kata yìí ti ń bàjẹ́ jù ni yíyí dígírì 270, lẹ́yìn kiai kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà níwájú, ti òsì ló ń yí gba ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó bá fi ìbàdí sáré yí kí ẹsẹ̀ òsì tó dé àyè rẹ̀, orí ìlà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa bá ara wọn, á wá máa ta gọ́ọ̀gọ̀ọ̀. Pín in sí mẹ́ta: orí wo ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ òsì lọ síbẹ̀ kó balẹ̀ sórí ìlà tirẹ̀, ìbàdí yí, ìdínà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ṣe yíyí yẹn nìkan ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kó o má bá kata lọ.

Ní ti kiai, tú èémí jáde kíákíá láti ìsàlẹ̀ ikùn, kí ikùn le lójijì, kí ẹnu má pariwo. Ariwo ò ṣe pàtàkì tó ikùn tó le. Àwọn alájọgbé rẹ ò sì ní rò pé ẹ̀yin méjì lẹ ń jà nínú yàrá.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, jáde sí pápá, kó o ṣe kata lódindi lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan kíákíá, mẹ́rin díẹ̀díẹ̀. Pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ Sátidé dáa bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè. Kọ́kọ́ rìn ín yí ká kó o ṣa ìgò fífọ́ àti òkúta kúrò, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Bí ilẹ̀ kò bá dán, wọ bàtà tó ní ìtẹ̀lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, má sì yí lójijì. Ó dáa kó o gun òkè pẹ̀lú, òkè ò wọ́n l'Ékìtì. Rìn gòkè kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 10, ṣùgbọ́n bó o bá ń bọ̀, rìn, má sáré. Sísáré sọ̀kalẹ̀ ló ń lu orúnkún. Bó o bá sì ti jẹ iyán, fún un ní wákàtí méjì ó kéré tán.

O béèrè nípa YouTube. Wíwò rẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n rí i pé Shotokan ni. Bó o bá rí ẹni tó ń fa ìkúùkù padà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, nítòsí abíyá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Goju-ryu tàbí Kyokushin, ẹ̀ka karate mìíràn. Ti Shotokan, ìbàdí ni. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ bó o bá lọ gbé tiwọn dé kíláàsì rẹ, àtúnṣe lásán lò ń wá fún sensei.

Bẹ́líìtìFunfun_Bàsírì

Ó yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ìkan tó kù: dígí mi kéré, ojú nìkan ló ń fi hàn. Ṣé kí n máa fi fóònù gba ara mi sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ìwòròkò

Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa ju dígí lọ, torí pé ẹni tó ń wo dígí máa ń yí orí kúrò níbi tó yẹ kó wò. Gbé fóònù sí gíga ìbàdí, lórí àga tàbí fèrèsé. Bó bá wà nílẹ̀, gbogbo ìdúró á dà bíi pé ó gùn. Gbà á lẹ́ẹ̀kan láti iwájú, ibẹ̀ ni wàá ti rí bóyá ìdúró ní ìbú àti bóyá orúnkún ń yà sínú. Gbà á lẹ́ẹ̀kejì láti ẹ̀gbẹ́, èyí máa fi gígùn hàn, àti gìgísẹ̀ ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ni kó o gbà, nígbà tó ti rẹ̀ ọ́ díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni àṣìṣe ń jáde. Tètè dé kíláàsì ní ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó o fi èyí tó burú jù nínú wọn han sensei kí wọ́n tó tò yín.